Ẹ Wá Gbà Mí Lọ́wọ́ Orúkọ Ìdílé Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ta ni mo ṣẹ̀? Nítorí pé mo ń ta aṣọ ní ọjà Makola ní Accra, gbogbo ẹbí wa l'Ékòó kóra jọ, wọ́n ní èmi ni kí n lọ tú ìtàn orúkọ wa jáde. Da Costa là ń jẹ́, ọmọ Àgùdà ni wá, Pópó Àgùdà ni ilé wa wà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn baba wa ń ti Brazil bọ̀, àwọn kan ò dé Èkó, Accra ni wọ́n sọ̀ sí, ní Jamestown, láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní Tabom. Bọ̀dá mi àgbà, ẹni tí kò fún mi ní kọ́bọ̀ owó ọkọ̀, ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àbúrò, ṣebí ìtòsí ẹ ni?" Ìtòsí! Ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù l'Ékòó ló mọ̀ pé ìtòsí ni!

Mo dé Jamestown nínú oòrùn. Mo bá àwọn àgbà kan lórí bẹ́ǹṣì nítòsí Brazil House. Wọ́n ti sọ fún mi pé ṣìnáàpù la fi ń bi àgbà léèrè ìtàn níbẹ̀, mo sì ti ra ṣìnáàpù. Bàbá tó gba ìgò náà mì ín wò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò bí ẹni ń ka ìwé ilé-ẹjọ́, ó tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní kí n máa wí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Da Costa àkọ́kọ́ tó..." Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀: "Ilẹ̀ ibo lo fẹ́ gbà?"

Ẹ gbà mí o! Èmi tí mi ò ní ilẹ̀ tí mo lè gbin ata sí! Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn Tabom gúnlẹ̀, àwọn Ga, onílẹ̀ Accra, ní Otublohum ló gbà wọ́n lálejò, wọ́n fún wọn nílẹ̀, ilẹ̀ ọ̀hún sì ti di wúrà báyìí. Ẹni tó bá bèèrè orúkọ baba ńlá rẹ̀, lọ́yà ni wọ́n rò pé ó rán an. Ààrẹ Lula ti Brazil wá sí Ghana ní 2005, àwọn Tabom yọ̀ mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò bi í pé ilẹ̀ ibo ló fẹ́ gbà. Èmi nìkan lolè!

Mo sá dé ilé kejì, Alhaji ni baálé ibẹ̀. (Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó bọ̀ nígbà náà, ta ló sọ fún mi?) Ìgò ṣìnáàpù kejì ń dún kókó nínú àpò mi. Alhaji wo àpò, ó wò mí, ó tún wo àpò. Ẹnì kan níbẹ̀ ní 1829 ni àwọn baba dé, èkejì ní irọ́ ni, 1836 ni, ọkọ̀ Salisbury ló gbé wọn, Nii Azumah Nelson Kìíní ló ṣáájú wọn. Ariwo ta lédè Ga. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, àwọn méjèèjì kọjú sí mi: ọmọ Nàìjíríà yìí ló dá ìjà sílẹ̀! Àwọn tí wọ́n ń kọ orin ìbílẹ̀ wọn, agbe, tí Yorùbá kún inú rẹ̀ o! Mo kí wọn ní Yorùbá, wọ́n ní kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó dáa, kí n kúkú wá ìwé. Ìwé wo? Ní 1890, Rui Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó Brazil, pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun àkọsílẹ̀ ẹrú, ọmọ Bahia sì ni òun fúnra rẹ̀! Gbogbo ìwé kọ́ ló jóná, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ jù síná. Orúkọ ọ̀hún gan-an ńkọ́? Ẹrú tí wọ́n ṣèrìbọmi fún, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ìjẹ̀ṣà lè wà níbẹ̀, Haúsá lè wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn di Da Costa láìbá ara wọn tan rárá!

Síbẹ̀ mo kọ ìwé pélébé, mo fi owó ara mi tẹ̀ ẹ́, mo pín in níbi ìrántí ìyá àgbà l'Ékòó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn Tabom mọ iṣẹ́ télọ̀, pé ní 1854 ni wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Accra, èyí tí wọ́n ń pè ní Scissors House. Télọ̀ kẹ̀! Àǹtí mi ní ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ni wá, bọ̀dá kan ní ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835 tí mo fi síbẹ̀ kò yẹ ìdílé Kátólíkì, àwọn ìyàwó ilé ò rí orúkọ ọmọ wọn, àwọn ọ̀dọ́ ní ṣé a bá Azumah Nelson tan, abẹ̀ṣẹ́ tó na Wilfredo Gómez ní 1984, mo ní mi ò mọ̀, wọ́n ní kí wá ni mo lọ ṣe ní Ghana, àwọn tó kù ń fi ìwé mi fẹ́ ara, ẹnì kan fi tirẹ̀ nu ọbẹ̀ lára agbádá!

Bọ̀dá mi ò tíì san owó ṣìnáàpù. Ohùn rẹ̀ mìíràn wọlé láàárọ̀ yìí: wọ́n ní àwọn Da Costa kan tún sọ̀ sí Agoué àti Ouidah, ṣebí ọ̀nà mi ni tí mo bá ń bọ̀ l'Ékòó?