Guardiola Ekosodin Kò Mọ Ọ̀nà Ogbemudia

Ẹ̀yin ará Bìní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọmọkùnrin kan ní Ekosodin tí géèmù ò tíì sọ di ará Madrid.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù géèmù èyíkéyìí lẹ́yìn UNIBEN. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, òógùn ń ṣàn, páàdì tí ìka ti pa gbogbo àmì ara rẹ̀ rẹ́ wà lọ́wọ́ Guardiola wa. Ó ń bú agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá pé ọ̀lẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ onílé géèmù lówó àná!

Ẹ bi í pé ta ló gba ife CAF ní 1994. Á ní Arsenal. Bendel Insurance ti Bìní níbí ni o, ọmọ ìyá ẹ! Wọ́n tún gba ife Federation ní 2023. Àmọ́ Insurance ò sí nínú géèmù, ohun tí ò bá sì sí nínú géèmù, Ọlọ́run ò tíì dá a. Ó mọ gbogbo igun Bernabéu. Ẹ bi í ní ọ̀nà pápá Ogbemudia, á ní kẹ́ ẹ fọ̀nà han òun.

Ìtàn pàápàá ò yè é. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní ní 1897, kí ló dé tí Ọba Ovonramwen ò tẹ restart? Calabar ni wọ́n gbé ọba lọ, ọ̀rẹ́, kì í ṣe level kejì.

Wàyí o, iléeṣẹ́ Nyamakop ní Johannesburg ṣe Relooted, géèmù tí wọ́n ti ń fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó kó ohun ìní Áfíríkà tí òyìnbó kó lọ bọ̀ wálé. Háà! Ẹni tí ò lè gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàfọ̀ ti ń pète bí yóò ṣe wọ British Museum, níbi tí ohun Bìní tó lé ní 900 wà. Ẹ sọ fún un pé ohun Bìní 119 tí Netherlands dá padà ní 2025, ìjókòó àti lẹ́tà ló gbé e dé, ẹnikẹ́ni ò tẹ páàdì. Lójú pópó Igun tí wọ́n ṣì ti ń rọ idẹ, ó ní graphics ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó. Síbẹ̀, kí n má purọ́: ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan ò mú un bínú sí 1897 tó géèmù yìí rí.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Bọ́mọ bá ti lọ sílé ìwé, ta ló ń fi orúkọ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, tó ń jẹ góòlù méje láìdá ẹyọ kan padà?

Lọ́jọ́ tí Insurance bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ẹ fa Guardiola létí dé Ogbemudia. Kẹ́ ẹ gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì o, kó má lọ fi pààrọ̀ gólì fún wa.