Àlejò Ilé Èèrà

Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ fi ẹ̀fọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn èèrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí lọ́wọ́ labalábá?

Labalábá aláwọ̀ aró ni, ó sì rẹwà. Orí òdòdó ló máa ń yé sí. Ọmọ rẹ̀ á jẹ òdòdó fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, lẹ́yìn náà á jábọ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á máa ṣojú àánú. Èèrà pupa á kọjá, á fi ìwo kàn án, ọ̀gbẹ́ni á sì pọn omi dídùn jáde fún un lá. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wú ọrùn, á fún ara pọ̀, títí á fi jọ ọmọ èèrà. Òórùn ara rẹ̀ pàápàá, tiwọn ni! Èèrà á ní, “Yéè, ọmọ wa rèé nílẹ̀!” Ó di inú ilé.

Ẹ ṣáà rántí ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun máa lò ní yàrá ẹ̀yìn yẹn. Owó iná dà? Ẹ jẹ́ n rọra sọ̀rọ̀, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni ọmọ labalábá tiwa yìí máa lò. Ọmọ èèrà ló ń jẹ! Bí ara rẹ̀ bá wọn 100, ó lé ní 98 tó jẹ́ pé inú ihò èèrà ló ti sanra ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn labalábá náà run nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979, ehoro ló kó bá wọn. Àrùn pa ehoro tó ń jẹ koríko, koríko ga, ilẹ̀ tutù, irú èèrà tó ń gbà wọ́n sílé ò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Onímọ̀ nípa labalábá kan, Jeremy Thomas, ló tú àṣírí yẹn. Wọ́n lọ kó òmíràn wá láti Sweden ní 1983.

Ìbátan labalábá yìí tó wà lórí òkè Alps ló wá burú. Ọmọ ìyẹn ń dún bí ìyá èèrà, àwọn èèrà sì ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Tí oúnjẹ bá wọ́n, ọmọ tiwọn ni wọ́n ń pa fún un jẹ!

Ṣùgbọ́n agbọ́n kan mọ ibi tó sá sí. Á wọlé, á tú òórùn kan síta, èèrà á máa bu ara wọn jẹ, òun á sì yé ẹyin sínú ọ̀gbẹ́ni. Àwọn èèrà á tún máa bọ́ ọ lọ. Nígbà tó yẹ kí labalábá jáde ní ọdún kejì, agbọ́n ló yọjú. Èmi pàtẹ́wọ́ fún un ni o.