Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́ ní Zanzibar

Àwọn àgbà ní arìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí dùn mọ́ àwọn onílé ẹ̀kọ́ aládàáni ayé òde òní nínú débi pé, bí ààyè bá gbà wọ́n, wọn ìbá tẹ̀ ẹ́ sórí rìsíìtì. Òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí ọmọ máa ń gbé wálé nínú báàgì lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí bàbá ti bọ́ bàtà, tí ìyá sì ti ń ka owó ọjà. Lẹ́tà náà á sọ pé ojú ọmọ gbọ́dọ̀ là, pé inú kíláàsì nìkan kò tó í kọ́ ọmọ, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ti lọ, wọ́n sì ti dé. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tí kò wọ awò ojú kò ti ní tètè rí i, ni wọ́n á kọ ọ́ sí pé ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, sí erékùṣù Zanzibar, kí òbí sì sọ iye owó rẹ̀ di mílíọ̀nù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Bàbá á ní òun kò lọ́wọ́ ìranù. Ọmọ á fojú walẹ̀. "Dádì, èmi nìkan ló máa ṣẹ́kù sí kíláàsì." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ń já ilẹ̀kùn tí adigunjalè kò lè já.

N kò bá ìrìn-àjò jà o. Ìjẹ̀bú wo ni yóò bá ìrìn-àjò jà? Bí àwọn baba wa bá jókòó sílé, ta ni ìbá gbọ́ pé Ìjẹ̀bú mọ òwò ṣe? Òwe tí wọ́n fi ń gbowó ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, nítorí wọ́n ń pa á láì gbọ́ ọ dé ìdí. Kí ènìyàn tó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lájò, kó sì mọ̀ pé abuké ni, ó ní láti ti rí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún nílé. Ẹni tí kò rí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan rí, gbé abuké rẹ̀ kò ó lójú. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹ wo ẹranko kékeré yìí, ó mà rẹwà o," yóò sì ya fọ́tò. Àwọn àgbà kò sọ apá yìí nínú òwe náà nítorí wọn kò rò pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọmọ Òkè-Sopẹn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ní mọ ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìgbà náà ti dé. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àwọn arìnrìn-àjò wa lọ.

Bàálù kì í gbéra ní Èkó kó balẹ̀ tààrà sí Zanzibar. Addis Ababa tàbí Nairobi ni wọ́n sábà máa ń ti pààrọ̀ ọkọ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, físà ní owó tirẹ̀, láti oṣù kẹwàá 2024 sì ni àlejò ti ń san 44 dọ́là owó adójútòfò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ erékùṣù náà. Gbogbo èyí ni bàbá ti san tán kí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń lọ sí oko èròjà ọbẹ̀, ibi tí wọ́n ń mú ọ̀pọ̀ àlejò Zanzibar lọ. Afinimọ̀nà kan tó mọ ẹ̀rín rín á já ewé kan, á rún un lọ́wọ́, á gbé e sí ọmọ nímú. "Kí lèyí?" Ọmọ kò mọ̀. Ewé tíì ni, irú èyí tó hù yí kànga ilé wọn ká. Á wú gbòǹgbò kan, á fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ọmọ kò mọ̀. Atalẹ̀ ni. Á ká kànáfùrù, èyí tí àwọn ìyá elégbòogi pàtẹ sí ọjà lójú rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rìn. Ọmọ á ní ó ń rùn bí ilé oníṣègùn eyín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dé ìdí igi kan tí èso pupa àti òféfèé so mọ́ lára láti ìsàlẹ̀ dókè. Afinimọ̀nà á já ọ̀kan, á là á mọ́ ara igi, á na inú rẹ̀ funfun tó ń yọ̀ sí wọn pé kí wọ́n lá a wò. Fóònù á jáde láti gbogbo àpò. Ọmọ Òkè-Sopẹn á fi ahọ́n kàn án, á dijú, á ké pé "Wow!"

Kókó ni.

Kò tán síbẹ̀. Ọkùnrin kan á so okùn mọ́ ẹsẹ̀, á gun igi àgbọn, á máa fi orin ṣe é lókè, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì fún un lówó. Bí ẹlẹ́mu bá fi igbà kọ́ ọ̀pẹ ní Òkè-Sopẹn, ajá nìkan ló ń gbójú sókè wò ó. Ẹlòmíràn á fi imọ̀ hun táì fún àwọn ọkùnrin, á hun adé fún àwọn obìnrin, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ìlú wa, ọmọ tí wọ́n bá bá imọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ilé wòlíì ni wọ́n máa gbé e lọ.

Mo ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bá padà dé.

"Ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀. Kí lẹ rí lọ́hùn-ún?"

"Ìyá àgbà, ẹ wá wò ó. Èso kan wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá lá a, ó dùn ju súwíìtì lọ."

Ìyá àgbà á gba fóònù, á fà á jìnnà sí ojú, á wò ó títí. "Ṣé kókó kọ́ nìyí?"

"Cocoa ni, Ìyá àgbà."

"Kókó tí mo fọ́ láàárọ̀ yìí?"

Ibi tó ti ń dun ènìyàn jù nìyí. Ní 2024, owó kókó fò sókè lọ́jà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là, ohun tí ojú àgbẹ̀ kò rí rí. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí bàbá tó ti máa ń fi lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ dáná sọ pé, "Ó dáa, kó máa lọ." Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bàbá ta kókó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ la ilẹ̀ Áfíríkà já dé òkun Íńdíà, kó lè lọ wo kókó. Nígbà tí owó kókó sì tún já wálẹ̀ ní 2025, iye tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kò bá a já.

Ẹnì kan wà tó lọ sí erékùṣù, tó rí kókó, tó sì mọ ohun tí òun rí. Alágbẹ̀dẹ ni, ará Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, orúkọ rẹ̀ ni Tetteh Quarshie. Ní 1870 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Fernando Pó, erékùṣù tí à ń pè ní Bioko lónìí. Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà sí òbí rẹ̀, kò sì sí aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ sí lẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó padà dé ní 1876 pẹ̀lú èso kókó, ó sì gbìn ín sí Mampong ní Akuapem ní 1879. Nígbà tó fi di 1911, Gold Coast ló ń ta kókó jù lọ ní gbogbo ayé. Láti erékùṣù yẹn kan náà ni kókó ti wọ ilẹ̀ tiwa ní àwọn ọdún 1870. Ilẹ̀ tó wà nílé ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ mọ̀, ó mọ òjò rẹ̀ àti ìbòòji rẹ̀, ìdí nìyí tó fi lè wo igi àjèjì kó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé èyí máa yè ní ọ̀dọ̀ wa. Abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tí òwe ń wí nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, Zanzibar kún fún ẹ̀kọ́. Kànáfùrù tí wọ́n ń fi yangàn níbẹ̀ kì í ṣe igi ilẹ̀ náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé e dé láti erékùṣù mìíràn, ẹrú ló sì gbìn ín, tó tún ká a. Ní 1873 ni wọ́n ti ọjà ẹrú ìlú náà pa, àwọn Áńgílíkà sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lé ibẹ̀ lórí. Àwọn arìnrìn-àjò ń wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú pamọ́. Ẹ bi ọmọ yín pé kí ló rí nínú yàrá náà. Á ní ó ṣókùnkùn, àti pé tíṣà ní kí wọ́n yára, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Changuu ti fẹ́ gbéra. Kí ló wà ní Changuu? Ìjàpá. Ìjàpá ńlá ni lóòótọ́: láti Seychelles ni wọ́n ti gbé àwọn àkọ́kọ́ wá ní 1919, àwọn kan níbẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo kàn ń rò ó pé ọmọ tí kò gbọ́ àlọ́ ìjàpá kan ṣoṣo láti ẹnu ìyá àgbà rẹ̀ ń san dọ́là láti fún ìjàpá ní ewé jẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó ń ta ènìyàn sí ọ̀nà Èkó, ohun tí a kì í fẹ́ dárúkọ nígbà tí a bá ń kí oríkì ara wa. Ọmọ tí wọ́n kò sọ èyí fún nílé, kí ni yóò bá ògiri Zanzibar sọ? Bí ìtàn ni ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ wò, Ìmàgbọn, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti bá ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàdé ní oṣù karùn-ún 1892, kò jìnnà sí wa rárá. Kò gba físà. Èrédò Sùǹgbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bíi 160 kìlómítà, ń bẹ nílẹ̀, pápá ń hù lé e lórí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó lè jẹ èrè lórí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa tì mí lójú ni pé ìlú tó ti mọ ẹ̀kọ́ rí ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1949 ni Molusi College bẹ̀rẹ̀, S. O. Awokoya sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó di mínísítà ẹ̀kọ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tó sì wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tai Solarin jókòó sórí àga kan náà, kó tó lọ dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ọkùnrin tó ti dé ìlú ọba, tó bá wọn wọṣẹ́ ológun òfurufú nígbà ogun, tó kàwé ní Manchester. Nígbà tó dé, ọkọ́ àti àdá ló kó lé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ó rìn jìnnà ju gbogbo àwọn arìnrìn-àjò wa yìí lọ. Ká ní ẹnì kan gbé lẹ́tà Zanzibar yìí fún un, mo rò pé á béèrè pé àwọn ọmọ tó ń lọ, ta ló bá wọn kọ ebè tí wọ́n fi sílẹ̀?

Bí ẹ bá sì fẹ́ ìrìn-àjò, igbó Ọmọ ń bẹ níbí. Ó gbòòrò tó 1,305 kìlómítà onígun mẹ́rin, UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1977, erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀ títí di bí mo ti ń wí yìí. Erin gidi, kì í ṣe ti inú àwòrán. Àwọn agégi ń wọ̀ ọ́, àwọn olóko kókó ń wọ̀ ọ́, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti òkè òkun ń wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń jẹ pákó rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìkan ni ọmọ wọn kò wọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ibi omi, ẹ ó dé Ìwòpin. Torí ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ṣe gbin igi gmelina rẹpẹtẹ sínú igbó yẹn. Igi hù. Bébà kò jáde bí wọ́n ti ṣèlérí. Ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì ọrọ̀ ajé lọ síwájú géètì náà, kí olùkọ́ bi wọ́n pé báwo ni orílẹ̀-èdè tó gbin igi fi ń ra bébà lókèèrè láti fi tẹ lẹ́tà Zanzibar. Ìdáhùn tó bá ti ẹnu wọn jáde lọ́jọ́ yẹn, kò sí afinimọ̀nà kankan tó lè fún wọn.

Ẹ̀yin òbí Òkè-Sopẹn, ìpàdé òbí àti olùkọ́ sáà tuntun ti súnmọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ erékùṣù kalẹ̀, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì tíì gbà á. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kó àwọn ọmọ wọ igbó Ọmọ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ẹ̀ka igbó ìjọba, kí ọdẹ kan ṣáájú, kí olùkọ́ tẹ̀lé e, kí fóònù wà nílé. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ dé, tó lè dárúkọ igi mẹ́wàá fún ìyá àgbà rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ kókó apẹ̀rẹ̀ kan, kó lọ sí Zanzibar. Èmi náà á fi nǹkan kún owó bàálù rẹ̀.