A Ló Dára Ju B Lọ

Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí lọ́jà, ojú mi là. N kì í ra tòmátì láìtẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ ẹgbẹ́ afunfèrè ìjọ wa, tó sì nílò kílárínẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Tíṣà orin wọn ti là á yé mi: kí n wá Yamaha YCL-255, tàbí Prodige tí Buffet ń ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Rọ́bà ni méjèèjì. Rọ́bà kẹ̀! Ṣé kẹ́ẹ̀gì omi ni mo fẹ́ rà ni? Ó ní tonígi lè sán nígbà ọyẹ́, pé rọ́bà kì í sán. Mo gbọ́, n kò gbà.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta tòkunbọ̀ l'Ójúẹlẹ́gbà ni mo yà sí. Ó gbé méjì síwájú mi, onígi ni méjèèjì. Lábẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀kan, wọ́n tẹ B ńlá, wọ́n sì tẹ b wínńíwínńí tì í. Lára èkejì, A gbọọrọ. Ta ni yóò rí A tí yóò mú B, pàápàá B tó tún ní ọmọ lẹ́yìn? Èyí A tún fi díẹ̀ gùn jù, owó wọn sì dọ́gba! Mo yára sanwó kí ọkùnrin náà má baà fura.

Ó ku ríìdì. Nọ́ńbà 2 tàbí 2½ ni tíṣà wí. Mo rí 5, mo mú 5. Ọmọ náà fun ún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ríìdì ṣe ń le tó. A pààrọ̀ ìyẹn.

Ọjọ́ ìkórè dé. Fèrè gbé orin, ọmọ tèmi dà á pọ̀ mọ́ wọn. Háà! Gbogbo ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ fi ààbọ̀ ohùn relẹ̀ sí ti ẹgbẹ́. Ìyá Ìjọ dá ijó dúró. Ọmọ náà ti gbogbo oríkèé kílárínẹ́ẹ̀tì náà wọnú ara wọn pátápátá, kò gbọ́. Èmi wá dìde láàárín ìjọ, mo pariwo pé, “Fun ún kó dùn!”

Lẹ́yìn ìsìn ni tíṣà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, A kì í ṣe máàkì. Orúkọ ohùn ni. B♭ ni ẹgbẹ́ wa ń lò.” Ó ní A kò burú o, òun ni wọ́n fi ń fun kọ̀ǹsátò tí Mozart kọ ní 1791. Mo ní ṣé Mozart kò ní fẹ́ rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi fowó ara rẹ̀ ra rọ́bà. Ọmọ náà ti jù ú bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, kò ṣe nǹkan kan.

Lánàá ni onítòkunbọ̀ pè mí: ó ti rí òmíràn, kékeré báyìí, E♭ ló wà lára rẹ̀, yóò dín in fún mi. Owó tó dá lé e dára gan-an. Mo ti ń ná an lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà já fóònù gbà.