Ẹ Bá Mi Bẹ Ìyá Ilé

Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé wa lásìkò yìí ló ń yin ìyàwó mi. Wọ́n á fọwọ́ kan ìrọ̀rí, wọ́n á fọwọ́ kan aṣọ tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín hun gbogbo èyí, Mà?" Òun náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní Ọlọ́run ni. Kò sẹ́ni tó ń bojú wo èmi tí mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí, tí ìdì òwú wà lọ́rùn ọwọ́ mi kí ìyàwó mi lè ráyè ká a di bọ́ọ̀lù. Imú ń yún mi, mi ò gbọdọ̀ họ ọ́. Fóònù mi ń dún ní yàrá, ó ní ẹni náà á tún pè.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló bẹ̀rẹ̀. Ó ra abẹ́rẹ́ gígùn méjì, ó ní kí wọ́n bá òun ra òwú bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà, ó fi bọ́ọ̀tì ọmọ tuntun ṣí i. Ìyẹn dáa. Nígbà tí ọmọ tuntun tán ládùúgbò, ó kọjú sí àga. Láti orí àga, ó bọ́ sórí fíríìjì. Láti orí fíríìjì, ó hun ìbora fún ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló wá kàn mí. Èmi tí mo sanwó orí rẹ̀, ẹ̀yìn ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tó rántí mi.

Sùwẹ́tà ni tèmi. Inú ọyẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì dúpẹ́, torí òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ n'Ìbàdàn kì í ṣeré. Ṣùgbọ́n tó bá hun ún dé àyà, á wò ó, á ní ojú kan ti fò nísàlẹ̀, á sì tú u palẹ̀. (Mi ò rí ojú tó fò yẹn títí dòní.) Oṣù Kẹta ló tó parí, nígbà tí ooru ń mú kí páànù orí ilé máa ké. Akírílíìkì ló pọ̀ jù nínú òwú tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í fa òógùn. Òógùn tí mo là nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, inú ṣòkòtò ló gbà lọ. Alàgbà tó jókòó tì mí rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi.

Mo ṣàròyé délé. Ó ní òótọ́ ni, wúlù gidi ló yẹ kóun lò. Àsìkò yẹn ni àbúrò mi tó jẹ́ Mùsùlùmí so àgbò Iléyá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Ilẹ̀ mọ́, mo bá ìyá àwọn ọmọ mi níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fi tòsì ya irun ọrùn àgbò wò.

"Kí lò ń wá?"

"Wúlù ni, Dádì."

Mo ní àgùntàn ilẹ̀ wa kì í ní wúlù, irun kúkurú ni Ọlọ́run fún wọn nítorí ooru. Àwọn Merino ìlú Ọsirélíà ni wọ́n ń rẹ́ irun wọn fi ṣe sùwẹ́tà. Ó ní kò burú. Àgbò mí kanlẹ̀.

Ló bá gba Ìsẹ́yìn lọ. Ó ra òwú oko bọ̀, ó gba kẹ̀kẹ́ ìrànwú lọ́wọ́ ìyá àgbà kan, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní amọ̀ róbótó nídìí. Ní báyìí, ariwo ọ̀pá irin tó fi ń yọ kóró òwú lórí òkúta ló ń jí mi. Tó bá ń gbọ̀n ọ́n kó lè wú, ó ń bà sínú ọbẹ̀ mi. Tó bá wá fẹ́ ran án, á fi eérú pa ìka, á ta kẹ̀kẹ́ náà sínú igbá, á máa fa òwú lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Mo gbà pé ó dùn ún wò. Á máa gùn, á máa tín-ín-rín, inú èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ni yóò bá já. "Ó já!" Ẹni tó bá béèrè oúnjẹ lásìkò yẹn fẹ́ràn ìjà ni.

Bẹ́ẹ̀ aráyé ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà yìí tipẹ́! Ọdún 1589 ni William Lee, ará abúlé Calverton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé obìnrin tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ni kì í gbójú kúrò lára ohun tó ń hun láti dá a lóhùn. Arákùnrin mi ni ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní Ọbabìnrin Elizabeth kò fún un níwèé àṣẹ nítorí àwọn tálákà tó ń fi híhun jẹun. Ìyàwó tèmi kì í ṣe tálákà o, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ju tèmi lọ.

Lánàá, ó bi mí pé, "Dádì, àwọ̀ wo lẹ fẹ́ kí n fi ṣe ìkejì?" Mo ní mi ò fẹ́ ìkankan. Ó ní bóun náà ṣe rò ó nìyẹn, kò sí àwọ̀ gidi lọ́jà, òun á fúnra òun pa á láró. Ìkòkò aró ti dé láàárọ̀ yìí, ewé ẹ̀lú ti dé, omi eérú ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró kọjá rí mọ bó ṣe ń rùn. Ibi tí mo ń gbé mọ́tò sí ló gbé e kalẹ̀ sí. Mo ní ṣé ìta ni mọ́tò á wá máa sùn? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti ń hun ìbora rẹ̀ lọ́wọ́.