Òyìnbó Tó Jẹ Ṣàkì Ìyá Ẹlẹ́wà

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Bí Ìyá Ẹlẹ́wà bá bi yín, ẹ ní afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣàkì yẹn, ojú mi ló ṣe, ẹnu sì ti ń yún mi láti ọjọ́ náà.

Ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin Amẹ́ríkà tí ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn máa ń mú wá sí ilé wa ní Àgbowó níbí? Wọ́n ní kó máa bá a sọ Yorùbá kí ẹnu rẹ̀ lè là. Yunifásítì Ìbàdàn tó wà lódìkejì títì yìí ló ti wá kọ́ èdè. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ bàálù wá kọ́ Yorùbá, nígbà tí ọmọ tiwa ń san owó ìtanràn nílé ìwé torí pé ó sọ ọ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi á ru.

Ọmọ náà mọ̀wé. Ìwé Jẹ́ K'Á Sọ Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Antonia Schleicher kọ, èyí tó jáde ní 1993, kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Ó mọ àmì ohùn jù mí lọ. Bí ẹ bá ń retí kí n wá sọ pé ó pe ọkọ ní ọkọ̀, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Àpárá yẹn ti gbó.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí, Ìyá Ẹlẹ́wà ti tà tán. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé àmàlà síwájú, gbẹ̀gìrì, ewédú, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan. Ẹ mọ Ìyá Ẹlẹ́wà, obìnrin tó máa ń bu ẹ̀wà fún oníbàárà bí ẹni tó ń ka wóró rẹ̀. Òyìnbó wa wọlé. "Ẹ kú ìjókòó, mà." Inú obìnrin náà dùn. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O bá mi ire o, wá jẹun."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó sọ. "Á gba ibi ire o, mà." Ó tán, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ yìí ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni, mà." Ó bọ́ bàtà, ó ṣan ọwọ́ nínú omi tí Ìyá Ẹlẹ́wà fi ṣan tirẹ̀, ó jókòó. Òkèlè kìíní, ó bu àmàlà. Òkèlè kejì, ó mú ṣàkì.

Ó mú ṣàkì! Ọmọ tí a bí síbí, bó ti wù kí ebi pa á tó, á jẹ àmàlà dé ìdí abọ́ kó tó wo ìhà ibi tí ẹran wà, àgbà ni yóò sì fà á fún un. Ìyá Ẹlẹ́wà fi ojú sin ṣàkì náà láti inú abọ́ dé ẹnu, bí ẹni tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo sá wọ yàrá, mo gbé ìrọ̀rí bo ẹnu.

Nínú gbogbo ohun tí Ìyá Ẹlẹ́wà sọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ náà kò mọ̀. Ta ni kò mọ "wá"? Ta ni kò mọ "jẹun"? Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹni tó ní kí o wá jẹun ń kí ọ ni. Ó ń jẹ́ kí o mọ̀ pé òun kò fi oúnjẹ pamọ́ fún ọ. Kò pè ọ́ sídìí ṣàkì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó pè ọ́ ní tòótọ́! Bó bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, tó sì sún àpótí kan sí ọ, bí o bá kọ̀, ìjà dé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ ìyẹn sójú pátákó?

Mo pe ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn sí kọ̀rọ̀. Mo ní ṣebí ìwọ lò ń kọ́ ọ, kí ló dé tó ò sọ fún un? Ó ní, "Màmá, èmi ò mọ̀ pé ó jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń kọ́ èèyàn." Mo fẹ́ bú u, mo rí i pé n kò ní èsì. Èmi náà, ta ló kọ́ mi?

Ti "ẹ" àti "o" tún ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bá ààrẹ àti ajá wí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún ọmọ yìí pé bó bá sọ "o" fún àgbà, ó bàjẹ́. Ló bá pinnu pé òun á máa sọ "ẹ" fún gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta: "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ewúrẹ́ Bàbá Onílé tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀." Ewúrẹ́ náà sì kúrò! Kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó gbàdúrà. "Ọlọ́run, ẹ ṣeun, ẹ bá wa ṣọ́ ilé wa." Gbogbo wa lajú. Àwa tí à ń kúnlẹ̀ fún alága gáréèjì, "ìwọ" là ń pe Ọlọ́run! Ó bi mí léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí a dé ilé. Mo ní "ẹ" lè jẹ́ èèyàn púpọ̀, Ọlọ́run sì jẹ́ ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá Onílé ńkọ́? Ṣé wọ́n pọ̀ ni?" Mo ní Bàbá Onílé ń gba owó ilé, kó má dán an wò.

Ọkọ àbúrò mi, ará Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ló wá fi kún un. Ó ní Faransé náà ní irú "ẹ" àti "o" wa yìí, "vous" àti "tu". Ó ní nínú Àdúrà Olúwa, "vous" làwọn Kátólíìkì fi ń pe Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, 1966 ni wọ́n yí i padà sí "tu". Ẹ ò rí i? Ẹni tó kọ́ Faransé lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ lónìí, ọ̀tọ̀ ni bí kálukú ṣe máa kí Ọlọ́run.

Bọ̀dá Àjàṣẹ́ yìí kan náà ló mú ọmọ mi kejì lọ sí Kútọnu. Ọmọ tí mo fi ń yangàn ni o, òun ló ń gba ipò kìíní nínú Faransé ní kíláàsì wọn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó nawọ́ sí bísíkíìtì kan, ó ní, "C'est combien?" Obìnrin ọlọ́jà wò ó, ó ní, "Bonjour." Ó rò pé kò gbọ́, ó tún béèrè. Obìnrin náà le ohùn: "Bonjour!" Ìgbà tí bọ̀dá fi ìgúnpá gún un níhà ló tó rántí kí i, ojú obìnrin náà sì tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́, mo bínú. Mo ní ṣé o lè wọ ọjà Bódìjà kí o máa béèrè iye ata lọ́wọ́ ìyá aláta láìkí i? Ó ní, "Mọ́mì, èdè Òyìnbó ni mò ń sọ. Mo rò pé wọn kì í kíra wọn." Ọmọ náà gbé ìkíni wa sílẹ̀ ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ bí ẹni tó bọ́ fìlà, kí ó lè dà bí Òyìnbó lójú ara rẹ̀!

Ẹ má rò pé ọmọ mi kejì nìkan ló ń ṣìwà hù. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹsẹ̀ kọ, ni ọmọ mi bá ní, "Sorry." Pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Onítọ̀hún yíjú sí i, ó ní ṣé ìwọ lo tì mí ni?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti onídìrí. Òyìnbó wa ti kọ́ gbogbo bí wọ́n ṣe ń kí oníṣẹ́ ọwọ́. Ó mọ̀ pé bó bá bá àwọn tó ń ta ayò, kó ní "mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀". Alágbẹ̀dẹ, "àrọ́yè o". Ló bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọge tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ojú gbooro o!"

Ọmọge fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. "Kí ló ṣe ojú mi? Ojú ta ló gbooro?" Ó ti fẹ́ ju kóòmù sílẹ̀. Èmi ni mo yọrí lójú fèrèsé, mo kígbe, "Òòyà á yà á o!" kí ìkíni má bàa ṣubú lulẹ̀. Ọmọ ìlú ń wo Òyìnbó, Òyìnbó ń wo ọmọ ìlú, arúgbó orí fèrèsé ni ògbufọ̀.

Kò yé mi mọ́ ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Ṣé ìwé tó kọ́ ọmọlọ́mọ ní ìkíni ìyá-ìyá wa ni, tàbí àwa tí a kò fi kọ́ àwọn ọmọ wa? Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Òkukù fún ọdún mẹ́ta láàárín àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní Yorùbá. Ìwé tó kọ lórí oríkì Òkukù jáde ní 1991. Ọdún mẹ́ta láàárín àwọn àgbà lèyí o! Òyìnbó tiwa, ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa? Ó sì tún ṣe kòńgẹ́ èmi àti Ìyá Ẹlẹ́wà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá dágbére. Ó lọ ra àmàlà fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí Ìyá Ẹlẹ́wà gan-an, ṣàkì méjì àti abọ́dì kan lórí abọ́. Ìyá Ẹlẹ́wà ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi. Ọmọ náà ti gbọ́n nígbà yìí, ó fẹ́ fi hàn wá. Ó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá mi ire o, mà, ẹ wá jẹun."

Ìyá Ẹlẹ́wà sọ garawa kalẹ̀. Ó ṣan ọwọ́. Ó fa àpótí mìíràn, ó jókòó, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan àmàlà, ó mú ṣàkì. Ọmọ náà wo abọ́, ó wò mí. Àjà ni mò ń wò ní tèmi.