Wọ́n Ń Jó Àgídìgbo Kí Wọ́n Lè Gbọ́n

Bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ti tò ó bó ṣe yẹ: ọgbọ́n ló kọ́kọ́ dé, ijó wá tẹ̀ lé e. Ayé òde òní ti dorí ẹ̀ kodò. Wọ́n ní kéèyàn ṣáà máa gbọ́ orin aládùn, ìwà rere á bá a nílé. Ní 1998, Zell Miller, gómìnà Georgia ní Amẹ́ríkà, ní káwọn aṣòfin fún òun ní 105,000 dọ́là kóun fi ra orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù fún ọmọ tuntun, kí ọpọlọ wọn lè jí pépé. Ọpọlọ lòun tiẹ̀ ń wá. Ìwà làwa fẹ́ fi orin rà. (Hitler náà fẹ́ràn orin Wagner dé góńgó o.)

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi Òṣogbo wò. Ta ló tún gbọ́ orin mímọ́ tó ìjọ All Saints? Ní 1961, Dúró Ládípọ̀, ọmọ katikíìsì, gbé orin Àjíǹde wá fún wọn, ó fi dùndún sí i. Hà! Ìlù abọ̀rìṣà nílé Ọlọ́run kẹ̀? Sùúrù táwọn àgbà ìjọ ti ń fi dùùrù kọ lórin látọjọ́ yìí kò tó wọn lò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ládípọ̀ gbé ìlù rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Ilé ọtí rẹ̀ ló sọ di ilé eré Mbari Mbayo ní 1962, nígbà tó sì di 1964, eré rẹ̀, Ọba Kò So, ti dé Berlin. Ilé ọtí gba ohun tí ilé àdúrà kọ̀! Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni gángan ò sí?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Àwọn ló ni I.K. Dáíró, olórin ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Tí ohùn tútù bá ń tún ìwà ṣe, gbèsè ì bá ti tán ní Iléṣà. Ẹ wá wo ọ̀gá kan lóde ìnáwó. Gángan ṣẹ̀ṣẹ̀ kì í délé baba ńlá rẹ̀ ni, orí ẹ̀ wú, ó kiwọ́ bàpò agbádá, ó ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú. Agbádá ọ̀hún, kò tíì san owó rírán ẹ̀. Ìyá Télọ̀ wà ní tábìlì kejì, ó ń bá a ka owó náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọmọ Òṣómàáló ni, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí kì í fi gbèsè sílẹ̀ láìgbà. Ó dìde, ó lọ dúró tì í.

"Olówó ayé, ẹ kú ijó o. Owó iṣẹ́ wa ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Télọ̀, ẹ jẹ́ n gbọ́rin. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀."